Báwo ni a ṣe lè mú àwọn ọmọ àti Màmá lọ sí mùsíọ́ọ̀mù sáyẹ́ǹsì ńlá ti Chicago kí ọjọ́ náà má baà ṣòfò?

Ìyá Ìbejì, Indianapolis:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti dé Griffin Museum of Science and Industry ní Chicago rí, ibi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní MSI kí wọ́n tó fi Griffin kún orúkọ rẹ̀ ní 2024. Nígbà ìsinmi iléèwé tó ń bọ̀, èmi àti ọkọ mi fẹ́ wa ọkọ̀ láti Indianapolis níbí lọ síbẹ̀. Àwọn tí a ó jọ lọ ni ọmọbìnrin wa àgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, Ìdòwú tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n wá kí wa láti Òṣogbo. Orúnkún ń dun Màmá, wọn kò sì lè dúró pẹ́. Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn, wọ́n ní kí a fi àwọn sílẹ̀ nílé, pé ibi ìṣeré ọmọdé ni. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé oṣù díẹ̀ péré ni wọn yóò lò lọ́dọ̀ wa, mo sì fẹ́ kí àwọn àti ọmọ ọmọ wọn jọ rí ohun kan tí wọn yóò jọ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá padà sílé.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé, ní irú ibi bẹ́ẹ̀ mìíràn tí a ti lọ rí, ńṣe ni àwọn ọmọ ń sáré láti ìdí bọ́tìnnì kan dé ìdí òmíràn, tí wọn kì í dúró wo ohun tí èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣe. Nígbà tí bàbá wọn bi wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ni wọ́n rí, wọ́n ní ó dùn, ọ̀rọ̀ sì tán. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni a lè rí ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí yóò wọ̀ wọ́n lára? Ṣé ó yẹ kí a san àfikún owó fún ọkọ̀ abẹ́ omi àti ibi ìwakùsà èédú? Kí ló sì wà níbẹ̀ fún Màmá àti fún Ìdòwú?

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Chicago:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Ìlú yìí ni mo ń gbé, àwọn ọmọ mi sì mọ inú mùsíọ́ọ̀mù náà bí ẹni mọ inú yàrá rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó jẹ mọ́ àkókò àti owó. Aago Chicago fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Indianapolis. Bí ẹ bá kúrò nílé ní aago méje òwúrọ̀, tí ẹ sì lo nǹkan bí wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà, ẹ ó dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, nítorí pé lọ́pọ̀ ọjọ́, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń tì. Abẹ́ ilẹ̀ ni ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, owó ọ̀tọ̀ ni ẹ ó san fún un, ṣùgbọ́n ó dára fún Màmá ju kí wọ́n rìn láti ìta lọ. Àwọn ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ lè máa gbọ́ nípa rẹ̀ wà fún àwọn olùgbé ìpínlẹ̀ Illinois nìkan. Bí ẹ bá ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ibùdó sáyẹ́ǹsì kan nítòsí yín, ẹ béèrè bóyá ó wà nínú ètò ìwé ìrìnnà ASTC, ẹgbẹ́ àwọn ibùdó sáyẹ́ǹsì, tó máa ń jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ ibùdó kan wọ òmíràn tó jìnnà ju 90 máìlì lọ láìsanwó ìwọlé, kí ẹ sì bi MSI pẹ̀lú bóyá wọ́n ń gbà á.

Ilé náà tóbi ju bí ẹ ṣe lè máa rò lọ. Fún ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Chicago ní 1893 ni wọ́n kọ́ ọ, láti máa fi àwọn iṣẹ́ ọnà hàn. Ọkùnrin oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Julius Rosenwald, tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ Sears, ló mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Deutsches Museum ní Munich ní Jámánì ní 1911, tó sì rí i pé ọmọ náà kò fẹ́ kúrò nídìí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbà á láyè láti fọwọ́ kàn. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìlú òun. 1933 ni wọ́n ṣí i, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ẹ sọ fún ọmọbìnrin yín àgbà pé ọkùnrin yìí kan náà ló pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Booker T. Washington, aṣáájú ètò ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, láti dá àwọn iléèwé sílẹ̀ fún ọmọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà, tí iye wọn sún mọ́ 5,000 nígbẹ̀yìn. Èmi kì í wọ ilé náà kí n má rántí rẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ abẹ́ omi U-505, ẹ san owó rẹ̀. Ọkọ̀ ogun Jámánì ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 252, ojúlówó sì ni, kì í ṣe àwòkọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tí ọ̀gá wọn ń jẹ́ Daniel Gallery gbà á lórí òkun Àtìláńtíìkì, ní ìhà etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ṣí ibi tí omi yóò gbà wọlé kí ó lè rì, wọ́n sì ti bẹ́ sómi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan wọ inú ọkọ̀ náà bó ti ń rì lọ, wọ́n dí ojú omi, wọ́n sì kó ẹ̀rọ Enigma tí àwọn ará Jámánì fi ń kọ ọ̀rọ̀ àṣírí àti àwọn ìwé àṣírí inú rẹ̀ jáde. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún gbogbo ènìyàn, kí àwọn ará Jámánì má baà mọ̀ pé àṣírí wọn ti tú kí wọ́n sì yí i padà. 1954 ni ó dé mùsíọ́ọ̀mù, ìta gbangba ló sì wà nínú òjò àti yìnyín fún àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún un. Owó ìwọlé lásán ti tó láti wọ gbọ̀ngàn náà, kí ẹ sì rìn yí ọkọ̀ náà ká. Inú ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń gba àfikún owó fún. Ó há, ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kọjá láwọn ibì kan, nítorí náà kí bàbá wọn mú àwọn mẹ́ta àgbà wọlé, kí Màmá àti Ìdòwú dúró sí gbọ̀ngàn.

Tí ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ lè fi Apollo 8 kún un, ìyẹn ọkọ̀ tó gbé ènìyàn mẹ́ta yí òṣùpá ká ní oṣù Kejìlá ọdún 1968, àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojú iná tó jó o nígbà tó ń padà wọ afẹ́fẹ́ ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ lọ sí Science Storms, ìyẹn ìpàtẹ ìjì àti mànàmáná, sí ọkàn ńlá, sí ibi òròmọdìyẹ, kí ẹ sì parí rẹ̀ sí ìdí àwọn ọkọ̀ ojú irin.

Olùkọ́ Físíìsì, Houston:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ọmọ Mọ́kọ́lá sọ nípa owó àti nípa ọkọ̀ abẹ́ omi, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa pín níbi iye nǹkan tó ní kí ẹ rí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Bí ẹ bá fi gbogbo ohun tó kà sílẹ̀ wọ̀nyẹn sínú wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, àwọn bọ́tìnnì tí ẹ ń sá fún náà ni ẹ ó tún bá pàdé. Èmi máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí irú ibi báyìí, ohun tí mo sì rí ni pé kì í ṣe bọ́tìnnì ló burú. Ọmọ tó tẹ bọ́tìnnì láì kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ kò ní ìdí kankan láti dúró wo àbájáde rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti là á mẹ́nu pé báyìí báyìí ni yóò rí, kò ní lè kúrò níbẹ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá òun gbà á tàbí òun kò gbà á.

Nítorí náà, ẹ yan Science Storms fún òwúrọ̀, kí ẹ sì jókòó tì í. Ààjà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìkùukùu àti afẹ́fẹ́ ṣe, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 40, tí àlejò sì lè yí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú rẹ̀ padà. Kí Táyé sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá dín afẹ́fẹ́ kù, kí Kẹ́hìndé sọ tirẹ̀, kí wọ́n yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì wò ó dáadáa. Ohun tí wọn yóò rí ni pé bí afẹ́fẹ́ tó ń yí bá ṣe ń sún mọ́ àárín ni ó ń yára sí i, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó jókòó sórí àga tó ń yí, tó kó apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà. Ẹ má sáré ka àkọlé ara ògiri fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀ ná, kí àkọlé náà wá di adájọ́.

Níbẹ̀ gan-an ni Màmá ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Kò sí àgbà kan nílẹ̀ wa tí kò ní ìtàn ààjà, bí ó ṣe ń dìde lọ́sàn-án ọ̀ẹ̀rùn tí ó ń gbé eruku àti ewé lọ sókè, àti bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó máa ń gbé ènìyàn lọ sínú igbó láti lọ kọ́ ọ ní egbòogi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ní ìdúró níwájú èyí tí wọ́n ń wò yìí. Ẹ̀yin náà lè wá fi kún un pé ààjà ọ̀sán ọ̀ẹ̀rùn máa ń dìde láti ilẹ̀ gbígbóná lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́, nígbà tí ìjì líle tó ń wó ilé ní Indiana lọ́dọ̀ yín máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ìkùukùu òjò tó ń sán àrá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbé méjèèjì sọ́kàn láì da ọ̀kan nù.

Ẹ béèrè àkókò tí wọ́n máa ń tan mànàmáná. Ẹ̀rọ Tesla coil ló ń ṣe é lókè orí àwọn àlejò, ìró rẹ̀ sì le. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ló dé tí wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n sì gbọ́ ìró lẹ́ẹ̀kan náà níbí, ṣùgbọ́n tí àrá máa ń pẹ́ kí ó tó dún lẹ́yìn mànàmáná nílé. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìró ń lọ ní nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìmọ́lẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má pẹ́ rárá, nítorí náà bí wọ́n bá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láàárín méjèèjì, mànàmáná náà fi nǹkan bíi kìlómítà kan jìnnà sí wọn. Nígbà òjò tó kàn, àwọn fúnra wọn ni yóò máa kà á fún yín. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni àwo ńlá tó ń yí pẹ̀lú iyanrìn, níbi tí wọ́n ti ń rí bí òkìtì ṣe ń ya lulẹ̀. Ọmọbìnrin yín àgbà lè padà sílé kí ó máa da gààrí díẹ̀díẹ̀ sórí pẹpẹ, kí ó wo bí òkìtì náà ṣe kọ̀ láti dúró gàdàgbà kọjá ìwọ̀n kan, kí ó wá fi ìrẹsì àti iyọ̀ dán an wò, kí ó lè mọ̀ bóyá ìwọ̀n náà yàtọ̀.

Bàbá Adéọlá, Gary:

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Fún Ìdòwú, ẹ wá Idea Factory, níbi tí àwọn ọmọ kékeré ti ń fi omi, bọ́ọ̀lù àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ṣeré. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání, nítorí pé omi yóò ta sí i lára. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ariwo máa ń dẹ́rù bà, ẹ má mú un sún mọ́ ìsàlẹ̀ mànàmáná tí Olùkọ́ sọ. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nítòsí ìpàtẹ ara ènìyàn, yàrá kan wà tí wọ́n ti ń fi bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú oyún hàn, ojúlówó ọlẹ̀ sì ni wọ́n kó síbẹ̀. Wọ́n ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá sì lè rí ẹ̀kọ́ ńlá kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òbí ni ó yẹ kí ó pinnu ṣáájú ẹni tí yóò wọlé. Bí Màmá tàbí ìwọ ìyá bá ti la ìṣòro oyún kọjá rí, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú yàrá náà kí wọ́n tó débẹ̀.

Àǹtí Ìlá, Milwaukee:

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ Màmá ló mú mi dá sí i, nítorí pé mo mú ìyá tèmi lọ síbẹ̀, ẹni tí òun náà ti sọ pé ibi ọmọdé ni. Ẹ gba àga oníkẹ̀kẹ́ fún wọn láti ẹnu ọ̀nà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí ìtìjú. Orúnkún tó ń dunni kò lè gba gbogbo ilẹ̀ yẹn, bí ó bá sì rẹ̀ wọ́n ní aago mọ́kànlá, ọjọ́ náà ti parí fún gbogbo yín.

Ìdí òròmọdìyẹ ni kí ẹ mú wọn lọ kí ẹ tó mú wọn lọ síbi kankan. Wọ́n kó àwọn ẹyin sínú ẹ̀rọ tó móoru, àwọn ọmọ sì ń rí òròmọdìyẹ bó ṣe ń fi ẹnu lu èèpo jáde. Ìyá tó bá ti sin adìyẹ rí ni olùkọ́ níbẹ̀. Wọn yóò sọ fún àwọn ọmọ pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni àgbébọ̀ fi ń sàba, àti pé ó máa ń fi ẹnu yí ẹyin rẹ̀ padà. Àwọn ọmọ wa máa ń fẹ́ mọ ìdí tí kò fi sí ẹni tó ń ran òròmọdìyẹ lọ́wọ́ nígbà tó ń jìjàkadì, nítorí pé ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó bọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára awọ tínrín tó wà lábẹ́ èèpo, bí ènìyàn bá sì bó o ṣáájú àkókò, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára rẹ̀. Ìyá mi mọ̀ pé a kì í bó o. Ibẹ̀ ni òun àti ọmọ mi ti jọ mọ ohun tó fà á.

Ọkàn ńlá náà tún wà, ó ga ju àgbàlagbà méjì lọ, bí ènìyàn bá sì fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ṣe fún un, yóò máa lù bí ọkàn ẹni náà ṣe ń lù. Kí Màmá kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án, kí Ìdòwú tẹ̀ lé wọn, kí gbogbo yín gbọ́ bí ti ọmọdé ṣe ń yára ju ti àgbà lọ. Kò gba àlàyé kankan, ọmọ ọdún mẹ́rin náà yóò sì lóye rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Whispering Gallery. Yàrá gígùn ni, wọ́n tẹ ògiri rẹ̀ débi pé bí ẹnì kan bá dúró sí ìkángun kan tó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹni tó wà ní ìkángun kejì yóò gbọ́ ọ ketekete, nígbà tí àwọn tó wà láàárín kò ní gbọ́ ohunkóhun, nítorí pé ògiri náà ń kó ìró jọ lọ sí ojú kan ṣoṣo. Kí Màmá ki àwọn ìbejì ní oríkì wọn láti ìkángun kan. Èmi ń sọ ọ́ nítorí pé àwọn ọmọ tí a ń bí níhìn-ín kì í fẹ́ kí a kì wọ́n níwájú àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọmọ mi ló ń bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n tún un sọ.

Ní ti ibi ìwakùsà èédú, ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí mùsíọ́ọ̀mù ní 1933. Wọ́n á fi lífìtì sọ̀ yín kalẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré, olùdarí yóò sì ṣàlàyé bí àwọn awakùsà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ewu afẹ́fẹ́ methane tó máa ń gbiná nísàlẹ̀. Ẹ béèrè nípa àga oníkẹ̀kẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ kí Màmá débẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá dàgbà ní Òṣogbo, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rántí rélùwéè tó ń yọ èéfín. Èédú Enugu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1915, ló ń gbé rélùwéè wa rìn nígbà náà, òun náà ni wọ́n sì ń dáná fún iná mànàmáná Èkó ní Ìjọ́ra. Lẹ́yìn ìwakùsà, ẹ lọ wo ọkọ̀ ojú irin 999 tó ń fi ooru omi rìn, kí wọ́n tó wo Pioneer Zephyr tó ń lo dísùlù, tó sáré láti Denver dé Chicago ní wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 5 ní 1934. Àwọn ọmọ yóò gbọ́ láti ẹnu Màmá bí èéfín ṣe máa ń ba aṣọ funfun jẹ́ àti bí gbogbo ọjà ṣe máa ń dìde nígbà tí fèrè bá dún.

Ìyá Ìbejì, Indianapolis:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ènìyàn mi, Ọlọ́run yóò máa bá wa tọ́jú àwọn ọmọ. Mo ti ka èsì yín sétígbọ̀ọ́ Màmá. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ rélùwéè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìdíkọ̀ Òṣogbo, wọ́n sì ti ń béèrè ọjọ́ tí a ó lọ. Ohun tí a pinnu ni pé a ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdí òròmọdìyẹ àti ọkàn ńlá, a ó jókòó ti Science Storms títí di ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ṣe wí, bàbá wọn yóò sì mú àwọn mẹ́ta wọ ọkọ̀ abẹ́ omi nígbà tí Ìdòwú bá wà nídìí omi rẹ̀ pẹ̀lú mi. Màmá ló ní kí a má yọ ibi èédú kúrò, nítorí náà Apollo 8 ni a ó fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé a lè ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì yẹn nígbà tí a bá débẹ̀, ṣé a sì lè gbé oúnjẹ wa dání? Màmá kì í jẹ oúnjẹ ilé ìtajà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, Chicago:

Ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé, nítorí pé wákàtí kan pàtó ni wọ́n máa ń kọ sára àwọn méjèèjì, wọ́n sì máa ń tán nígbà ìsinmi iléèwé. Ẹ fi wákàtí tí ó tó méjì sáàárín ti èédú àti ti ọkọ̀ abẹ́ omi kí sáré-n-bájà má baà wọ̀ ọ́. Ní ti oúnjẹ, ẹ gbé e dání, ẹ kàn bi òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí wọ́n ń fẹ́ kí àlejò jókòó jẹ ẹ́. Ohun tí kò ní ọbẹ̀ ló rọrùn jù pẹ̀lú Ìdòwú: mọ́ín-mọ́ín tàbí dùǹdú, àti omi fún Màmá láti fi lo oògùn orúnkún wọn.